Àgbà agbábọ́ọ̀lù: ta ni yóò dúró, ta ni yóò lọ?

Nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù bá parí ní oṣù karùn-ún, pápá a dákẹ́ títí di oṣù kẹjọ. Àwọn tí wọ́n máa ń péjọ síwájú tẹlifísọ̀n ní Kétu, ní Ṣábẹ àti ní Àjàṣẹ́ a máa sọ pé bọ́ọ̀lù ti sinmi. Ẹsẹ̀ nìkan ni ó sinmi. Àkókò yìí gan-an ni àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ń jókòó yí tábìlì ká, tí wọ́n ń ka orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń béèrè pé: ṣé kí èyí dúró, àbí kí ó máa lọ?

Orúkọ ọmọ ogún ọdún kì í mú ìpàdé pẹ́. Èyí tí ń mú un pẹ́ ni orúkọ ẹni tí ó ti lé ní 30 ọdún, tí ó ti gba ife-ẹ̀yẹ púpọ̀ wá fún ẹgbẹ́, tí àwọn ọmọdé ń wọ ẹ̀wù rẹ̀ kiri ìgboro, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá mọ́ bí ti àtijọ́. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ó lọ, àwọn alátìlẹ́yìn yóò bínú. Bí wọ́n bá ní kí ó dúró, owó ńlá yóò máa jáde lóṣooṣù, bóyá fún ẹni tí yóò wulẹ̀ jókòó sórí bẹ́ńṣì.

Ní ọdún 2025, ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba. Láàárín ọ̀sẹ̀ méje péré, ìròyìn ńlá mẹ́rin jáde. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin, Kevin De Bruyne, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ẹni ọdún 33, kéde pé òun yóò fi Manchester City sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 10. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, Thomas Müller, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ẹni ọdún 35, kéde pé òun yóò kúrò ní Bayern Munich, ẹgbẹ́ tí ó wọ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 10. Ní ọjọ́ 11 oṣù kan náà, Mohamed Salah, ọmọ ilẹ̀ Íjíbítì, ẹni ọdún 32, fọwọ́ sí ìwé tuntun ní Liverpool títí di ọdún 2027. Nígbà tí ó di ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún, Luka Modrić, ọmọ ilẹ̀ Croatia, ẹni ọdún 39, kéde pé òun náà ń fi Real Madrid sílẹ̀. Ẹni mẹ́ta lọ, ẹni kan dúró.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ náà? Ohun tí ó yá ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu láti dárúkọ ni ọjọ́ orí. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kò dá ẹjọ́ náà. Bí a bá yẹ ọ̀ràn wọ̀nyí wò dáadáa, a ó rí i pé ohun mẹ́rin ni àwọn ọ̀gá ń gbé lé ìwọ̀n: iṣẹ́ tí ó kù lára àgbà náà, ọ̀dọ́ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, owó tí ó ń gbà, àti iye ọdún tí wọn yóò kọ sínú ìwé.

Ìwé tí ń parí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà

Kí ènìyàn tó lè lóye ìpinnu wọ̀nyí, ó yẹ kí ó mọ bí ìwé àdéhùn agbábọ́ọ̀lù ṣe rí. Ẹgbẹ́ àti agbábọ́ọ̀lù a máa kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí sínú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù, ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ni ọjọ́ ìparí. Bí ìwé bá ṣì ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta níwájú, ẹgbẹ́ mìíràn tí ó bá fẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà gbọ́dọ̀ san owó fún ẹgbẹ́ tí ó ń bá ṣiṣẹ́. Bí ìwé bá ti parí, agbábọ́ọ̀lù náà di òmìnira. Ó lè lọ síbi tí ó wù ú, ẹgbẹ́ àtijọ́ kò sì ní rí nǹkan kan gbà.

Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan rí. Jean-Marc Bosman, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ni ó yí i padà. Ní ọdún 1990, ìwé rẹ̀ parí ní ẹgbẹ́ RFC Liège. Ó fẹ́ lọ máa gbá bọ́ọ̀lù ní Dunkerque, ní ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n nítorí ọ̀rọ̀ owó, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àdéhùn àárín wọn ti parí. Ó gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹjọ́ náà pẹ́ fún ọdún márùn-ún. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 1995, ilé ẹjọ́ gíga ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí ó wà ní Luxembourg, dá a láre. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ìwé rẹ̀ bá parí ti lè gbé àpò rẹ̀, kí ó máa lọ. Ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ náà ti jàǹfààní nínú rẹ̀: nígbà tí ìwé Steve Mounié ní Brest parí ní ọdún 2024, ó kọjá sí Augsburg, ní ilẹ̀ Jámánì, Augsburg kò sì san owó kankan fún Brest.

Èyí ni ó mú kí ọ̀ràn àgbà yàtọ̀ sí ti ọ̀dọ́. Bí ẹgbẹ́ bá fún ọmọ ọdún 21 ní ìwé ọdún márùn-ún, ó lè tà á lọ́la, kí ó sì jèrè. Ẹni ọdún 35 kò ní iye lórí ọjà mọ́. Ohun tí ó kù fún ẹgbẹ́ láti rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ tí yóò ṣe ní ọdún tí ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ owó iṣẹ́ rẹ̀ sábà máa ń wà lára èyí tí ó ga jù nínú ẹgbẹ́, nítorí ìgbà tí agbára rẹ̀ wà lókè téńté ni ó ti fọwọ́ sí i.

Òfin owó pàápàá ti le sí i. UEFA, àjọ tí ń darí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù, pàṣẹ pé láti ọdún 2025, nínú gbogbo 100 owó tí ó bá wọlé fún ẹgbẹ́ tí ń kópa nínú ìdíje rẹ̀, kò gbọdọ̀ ju 70 lọ tí yóò ná sórí owó iṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù àti akọ́nimọ̀ọ́gbá, sórí ríra agbábọ́ọ̀lù, àti sórí owó àwọn aṣojú wọn. Nítorí náà, owó tí àgbà kan bá ń gbà lórí bẹ́ńṣì ti dí ọ̀nà mọ́ ẹlòmíràn tí ẹgbẹ́ ì bá mú wọlé.

Ilé kan, ìdáhùn méjì

Ẹni tí ó bá rò pé ọjọ́ orí ni ó parí ọ̀rọ̀, kí ó wo Bayern Munich. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ẹgbẹ́ yìí fún Manuel Neuer, aṣọ́lé rẹ̀, ní ìwé tuntun títí di ọdún 2026. Neuer ń lọ sí ẹni ọdún 39 nígbà náà. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ kan náà sọ fún Müller, tí Neuer fi ọdún mẹ́ta jù, pé kò sí ìwé mọ́.

Iṣẹ́ àwọn méjèèjì kò rí bákan náà. Aṣọ́lé kì í sá eré bí ẹni tí ó wà ní iwájú. Ojú, ọwọ́, ìdúró àti ohùn ni ó fi ń ṣiṣẹ́, nǹkan wọ̀nyí sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dín kù. Neuer ti dá lẹ́sẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2022, nígbà tí ó ń ṣeré lórí yìnyín ní àkókò ìsinmi rẹ̀, ṣùgbọ́n ó padà sẹ́nu iṣẹ́, òun náà sì ni aṣọ́lé àkọ́kọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ kò tíì gbó. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, Bayern ra Jonas Urbig, ọmọ ọdún 21, láti Köln. Ọdún kan tí wọ́n fi kún ti Neuer dà bí afárá: àgbà yóò máa ṣọ́lé, ọmọ yóò máa wò ó, yóò sì máa kọ́ iṣẹ́.

Ti Müller, ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ ti dé tipẹ́. Jamal Musiala, ọmọ ọdún 22, ti gba ibi tí Müller ń dúró sí, ó sì ti fọwọ́ sí ìwé títí di ọdún 2030. Müller ti di ẹni tí ń wọlé nígbà tí eré bá fẹ́ parí. Ìtàn rẹ̀ tóbi: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 756 fún Bayern, góòlù 250, ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Jámánì 13, ife Champions League méjì, ní ọdún 2013 àti 2020. Ṣùgbọ́n ìtàn kò sí lára ohun tí wọ́n ń gbé lé ìwọ̀n. Àwọn alátìlẹ́yìn ní tiwọn sọ ohun tí àwọn Yorùbá ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́, àní bí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Wọ́n ń pe Müller ní Rédíò Müller, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ lórí pápá. Ó ń tọ́ àwọn ọmọdé sọ́nà, ó ń fi ibi tí ó yẹ kí wọ́n dúró sí hàn wọ́n. Ta ni ó lè ka iye góòlù tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti mú wá?

Ìbéèrè náà dára. Síbẹ̀, ẹ̀bi tí a lè fi kan Bayern wà níbòmíràn, nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní oṣù kìn-ín-ní, ọ̀gá tí ń bójú tó ọ̀ràn agbábọ́ọ̀lù níbẹ̀ ti sọ̀rọ̀ ní gbangba bí ẹni pé ọ̀ràn Müller kò ní le rárá, pé ìjíròrò kékeré ni yóò parí rẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù kẹrin, ìdáhùn ti di bẹ́ẹ̀ kọ́. Müller fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí àwọn alátìlẹ́yìn pé ẹgbẹ́ ni ó pinnu láti má ṣe bá òun jíròrò ìwé tuntun, pé kì í ṣe ohun tí òun fẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n òun bọ̀wọ̀ fún ìpinnu náà. Ẹni tí ó fi ọdún 25 ṣe iṣẹ́ kan lè gba kí wọ́n ní ó tó. Ohun tí ó ṣòro láti gbà ni kí wọ́n kọ́kọ́ fọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ yani lẹ́nu. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 2025, Bayern pàdé PSG ní Atlanta, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nínú Ife Àgbáyé àwọn ẹgbẹ́. PSG fi góòlù 2 sí 0 borí. Eré ìkẹyìn Müller nìyẹn. Nínú eré kan náà ni Musiala, ẹni tí ó gba ipò rẹ̀, dá lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, Bayern pàdánù àgbà, ó sì pàdánù ọ̀dọ́ fún oṣù púpọ̀. Ènìyàn ì bá rò pé ẹgbẹ́ náà yóò kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún bọ́ọ̀lù tuntun bẹ̀rẹ̀, Bayern borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 16 àkọ́kọ́ láìsí ọ̀kan tí ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Müller ní tirẹ̀ lọ sí Vancouver, ní ilẹ̀ Kánádà, ó sì bá ẹgbẹ́ náà dé eré àṣekágbá ìdíje ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní oṣù kejìlá, níbi tí Inter Miami ti borí wọn. Kò sí ẹni tí ó pàdánù púpọ̀ nínú àwọn méjèèjì, àfi ti ìbànújẹ́ oṣù kẹrin yẹn.

Ọ̀ràn De Bruyne kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ìfarapa ti gba oṣù púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, Manchester City kò sì fi ìwé kankan lọ̀ ọ́ ní gbogbo ọdún náà. Ó sọ pé ó ya òun lẹ́nu. Napoli, ní ilẹ̀ Ítálì, gbà á.

Ìfilọ̀ tí ó ní ọjọ́ ìparí

Real Madrid ní àṣà kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀: agbábọ́ọ̀lù tí ó bá ti lé dáadáa ní 30 ọdún, ọdún kan ṣoṣo ni wọn yóò máa fi kún ìwé rẹ̀. Bí ọdún náà bá parí, wọn yóò tún wò ó. Àṣà yìí le, ṣùgbọ́n kò ṣe ojúsàájú, ó sì ń jẹ́ kí àgbà mọ ibi tí òun dúró sí. Modrić gbà á. Láti ọdún 2021 títí di ọdún 2024, ó ń fọwọ́ sí ìwé ọdún kan-kan. Nígbà tí wọ́n bá ní kí ó jókòó kí àwọn ọmọdé gbá, ó jókòó. Nígbà tí wọ́n bá pè é, ó wọlé. Bí ó ṣe gba ife-ẹ̀yẹ 28 nìyẹn, iye tí agbábọ́ọ̀lù Madrid kankan kò gbà rí ṣáájú rẹ̀, kí ó tó kọjá sí AC Milan ní ọdún 2025.

Sergio Ramos kò gbà á, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i sì yẹ ní kíkà fún ẹnikẹ́ni tí ń fọwọ́ sí ìwé.

Ramos dé Madrid ní ọdún 2005, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 19. Ó di balógun ẹgbẹ́. Òun ni ó kan bọ́ọ̀lù lórí wọlé ní Lisbon ní ọdún 2014, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí Atlético gba ife Champions League mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ni ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, síbẹ̀ ó gbá góòlù 101 wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 671. Ìwé rẹ̀ yóò parí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2021, ó sì ti pé ẹni ọdún 35. Madrid ní àwọn yóò fi ọdún kan kún un, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ rẹ̀ yóò dín kù. Ramos ní ọdún méjì ni òun fẹ́. Oṣù ń kọjá lọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní orúnkún ní oṣù kejì, kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí ọdún náà fi parí.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà, ó dágbére níwájú àwọn oníròyìn. Ó ṣàlàyé pé nígbẹ̀yìn, òun ti gba ọdún kan tí wọ́n fi lọ òun, pẹ̀lú owó tí ó dín kù náà, ṣùgbọ́n wọ́n fèsì pé ìfilọ̀ náà ti ní ọjọ́ ìparí, ọjọ́ náà sì ti kọjá. Ó ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun pé ó ní ọjọ́ ìparí.

Níbí ni ó yẹ kí ènìyàn dúró díẹ̀. Nínú ìwé tí a ti fọwọ́ sí, ọjọ́ ìparí hàn kedere. Ẹni tí ó mọ̀wé kà á lè fi ìka tọ́ ọ. Ìfilọ̀ tí a kò tíì fọwọ́ sí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fi nǹkan lọni lè fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ẹni tí kò bá sì béèrè pé títí di ọjọ́ wo, ń dúró lórí ohun tí kò mọ̀. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí balógun Real Madrid, tí ó ní aṣojú, kò yẹ kí ó ya ènìyàn lẹ́nu bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí bíríkìlà tàbí sí ẹni tí ó fẹ́ háyà ṣọ́ọ̀bù.

Ní ti bọ́ọ̀lù, ìṣirò Madrid yege. Ramos lọ sí PSG, ṣùgbọ́n ìfarapa kò jẹ́ kí ó gbá eré rẹ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀ títí di ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, Madrid lé PSG jáde nínú Champions League. Ẹni tí ó gbá góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé ní alẹ́ náà ni Karim Benzema, ẹni ọdún 34, Modrić, ẹni ọdún 36, sì ni ó ń darí àárín. Madrid gba ife náà ní oṣù karùn-ún. Ilé tí ó jẹ́ kí ẹni ọdún 35 lọ kò lé àwọn àgbà yòókù. Ó yan èyí tí ó rí pé iṣẹ́ ṣì kù lára rẹ̀.

Salah àti ọdún méjì

Ní Liverpool, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Ní ọdún bọ́ọ̀lù 2024 sí 2025, ìwé àwọn gbajúmọ̀ mẹ́ta ń parí ní ọjọ́ kan náà: Salah, Virgil van Dijk, àti Trent Alexander-Arnold. Àwọn ọ̀gá pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Salah sọ fún àwọn oníròyìn pé kò sí ìwé tí ẹnikẹ́ni fi lọ òun, pé ó jọ pé òun yóò lọ. Lẹ́yìn èyí ni ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ èyí tí ó kù: góòlù 29 nínú ìdíje ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì pèsè 18 fún àwọn ẹlòmíràn, Liverpool sì gba ife-ẹ̀yẹ náà nígbà ogún. Ní oṣù kẹrin, Salah àti Van Dijk gba ìwé ọdún méjì-méjì. Alexander-Arnold, tí kò ju ọmọ ọdún 26 lọ, ni ó lọ sí Real Madrid. Àwọn àgbà dúró, ọ̀dọ́ lọ. Ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ kí ìwé ọmọ ọdún 26 fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ti pàdánù owó ńlá. Àṣìṣe yẹn wúwo ju ohunkóhun tí wọ́n lè ṣe pẹ̀lú àgbà lọ.

Ìwé ọdún méjì fún ẹni tí ó fẹ́ pé ọdún 33 jẹ́ ìdàníyàn. Kò sí ẹni tí kò ní fún Salah ní ìwé lẹ́yìn irú ọdún bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún tí ó kọjá ni wọ́n wò, ọdún tí ń bọ̀ ni wọ́n sì san owó fún. Nígbà tí ìdíje tún bẹ̀rẹ̀, góòlù rẹ̀ dín kù, Liverpool sì ń fìdí rẹmi. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejìlá ọdún 2025, ní Leeds, níbi tí wọ́n ti gbá ọ̀mì 3 sí 3, orí bẹ́ńṣì ni Salah wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn eré náà, ó sọ fún àwọn oníròyìn pé ẹgbẹ́ fẹ́ di gbogbo ẹ̀bi ru òun. Wọn kò mú un dání nígbà tí wọ́n lọ pàdé Inter ní Milan ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà.

Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ rí i fúnra wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, ní Agadir, Bẹ̀nẹ̀ pàdé Íjíbítì nínú Ife Ilẹ̀ Áfíríkà. Íjíbítì ni ó kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé. Jodel Dossou dá a padà nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀, eré náà sì wọ àfikún àkókò. Dossou ti pé ẹni ọdún 33. Ọdún kan náà, 1992, ni wọ́n bí òun àti Salah. Íjíbítì tún gbá ẹ̀kejì wọlé. Nígbà tí gbogbo àwọn Ẹkùn Bẹ̀nẹ̀ ti lọ síwájú láti wá góòlù, bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ ẹni tí Liverpool ti fi jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó sì gbá a wọlé ní ìṣẹ́jú tí ó kẹ́yìn. Ó di 3 sí 1. Ìwé rẹ̀ ní Liverpool ṣì ń ka ọdún 2027 ní ọjọ́ náà.